Fírídọ̀mù Ọmọ Iṣẹ́ Tí Hamdalah Fi Sílẹ̀ Nínú Kọ̀ǹpútà

Ṣọ́ọ̀bù Jibril Télọ̀,
Abúlé Ìdí-Ahùn,
Lọ́nà Ògbómọ̀ṣọ́.
Ọjọ́ kẹwàá, oṣù Bélú, ọdún 2009.

Hamdalah ọmọ mi, Àwẹ̀ró,

Kí àlàáfíà Ọlọ́run wà pẹ̀lú rẹ ní Ìgandò, nínú yàrá rẹ, lẹ́nu ọ̀nà rẹ, àti lórí àga tí o ń jókòó lé ní ọ́fíìsì láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Ìyá rẹ kí ọ. Àwọn ará àdúgbò kí ọ. Ewúrẹ́ tí o fi sílẹ̀ nígbà tí o ń lọ sí Èkó ti di ọlọ́mọ yọyọ, òun náà máa ń dúró wo ojú ọ̀nà tí mọ́tò ń gbà wá, àmọ́ mi ò lè búra pé ìwọ ló ń retí. Bí o bá fẹ́ mọ̀ bí a ti wà, a wà, a dúpẹ́. Ọyẹ́ ti dé. Láti àárọ̀ ni abúlé ti dà bí ohun tí èèyàn ń wò láti ẹ̀yìn kọ́tìnnì funfun. Igi ahùn tó wà níwájú ṣọ́ọ̀bù mi kò ní ìdí mọ́, orí rẹ̀ nìkan ló ń léfòó lókè. Àwọn tó ń kọjá ń kí mi kí n tó rí wọn, nígbà tí mo bá sì fi máa rí wọn, wọ́n á ti lọ, èmi á wá máa dá ẹni tí mi ò mọ̀ lóhùn. Irú àsìkò báyìí dára fún ìrònú. Mo ti ronú púpọ̀ lórí ọ̀rọ̀ rẹ, ohun tí mo rò àti ohun tí a ti ṣe sí i ni mo fẹ́ kọ sínú lẹ́tà yìí, tí Jàfárù awakọ̀ máa gbé fún ọ ní Ìyànà Ìpájà. Mo ti sọ fún un pé kó má fi rán ẹnikẹ́ni, kó dúró lábẹ́ afárá ẹlẹ́sẹ̀ títí o ó fi yọ.

Ọ̀rọ̀ náà ni èyí tí o bá wa sọ lórí fóònù Zikrullah, alága ẹgbẹ́ àwa télọ̀, pé o ò ní lè wá ṣe Iléyá. Mo gbọ́. Ìyá rẹ náà gbọ́, torí mo gbé fóònù náà sáàárín etí àwa méjèèjì. Ṣùgbọ́n Iléyá méjì ti kọjá tí a ò rí ọ, èyí ló máa ṣe ìkẹta, ohun tó sì ń dun èmi tí mo jẹ́ télọ̀ yàtọ̀ sí ohun tó ń dun àwọn bàbá yòókù. Lóṣù tó kọjá mo tẹ́ aṣọ Iléyá rẹ sórí tábìlì láti gé e. Mo gbé àlùmágàjí lé e, ọwọ́ mi kò lọ. Mi ò mọ ìwọ̀n rẹ mọ́. Láti ìgbà tí o ti wà lọ́mọ ọwọ́ ni mo ti mọ̀ ọ́n láìlo téèpù, tí o bá ti gba ẹnu ọ̀nà wọlé báyìí, mo ti mọ ibi tí o ga sí i àti ibi tí o fẹ̀ sí i. Gbogbo ọmọ abúlé yìí ni mo mọ ìwọ̀n wọn, títí kan ọmọ lémọ̀mù tí kì í dúró sójú kan, ìwọ nìkan ni mi ò mọ̀. O ka nọ́ńbà fún mi lórí fóònù, mo dúpẹ́, ṣùgbọ́n nọ́ńbà kì í yí ẹ̀yìn padà kí n rí bí èjìká rẹ̀ ṣe rí. Mo ká aṣọ náà, mo gbé e sórí àjà.

O ní kì í ṣe pé o kọ̀, o ní iṣẹ́ ni. Mo ní kí o tún un ṣàlàyé kó yé mi, Zikrullah ní bátìrì òun ń kú lọ o, mo ní kó jẹ́ kó kú díẹ̀díẹ̀. Bó ṣe yé mi nìyí. Ilé iṣẹ́ búrẹ́dì yín tó wà ní Ẹ̀gbẹ́dá ń pín búrẹ́dì fún àwọn ṣọ́ọ̀bù láti Ìkọ̀tún títí dé ibùdókọ̀ Pleasure. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, àwọn olùtajà á wá sọ iye tí wọ́n gbà, iye tí wọ́n tà, àti iye tó bu mọ́ wọn lọ́wọ́. Ìwọ lo ń kó gbogbo rẹ̀ sínú ìwé kan nínú kọ̀ǹpútà, ìwé alápòótí, tí àpótí rẹ̀ pọ̀ ju èyí tí èèyàn lè kà lọ, wọ́n tò ní ìbú, wọ́n tò ní òòró. Ibí yìí yé mi dáadáa, torí aṣọ yunifọ́ọ̀mù àwọn ọmọ iléèwé tí mò ń rán lọ́wọ́, èyí aláwọ̀ búlúù, bẹ́ẹ̀ náà ló rí. Mo tẹ́ ẹ sílẹ̀, mo wò ó títí, mo sì fi ojú inú rí búrẹ́dì kọ̀ọ̀kan nínú àpótí kọ̀ọ̀kan. Ìyá rẹ bèèrè pé kí ni mò ń wò, mo ní ọ́fíìsì Hamdalah ni. Òun náà dúró, ó wò ó.

O wá ní o ní ohun kan tí o kọ́ níṣẹ́ nínú ìwé yẹn. O ní ó pẹ́ kó tó mọ̀ ọ́n, o ń sọ fún un pé kó ṣe báyìí, lẹ́yìn náà kó ṣe báyìí, tó bá ṣì í ṣe, o tún un kọ́, títí ó fi já fáfá. Tí iṣẹ́ ọjọ́ bá ti pé, ìwọ á kàn tẹ bọ́tìnì méjì pọ̀, òun á to àwọn ṣọ́ọ̀bù lẹ́sẹẹsẹ, á ṣírò ohun gbogbo, á fi àwọ̀ pupa kun orúkọ ẹni tí búrẹ́dì bu mọ́ lọ́wọ́, kí o tó yán tán ó ti parí. Kì í bèèrè oúnjẹ, kì í bèèrè owó ọkọ̀. Hamdalah, nígbà tí o sọ èyí, orí mi wú. Mi ò mọ̀ pé o ti ní ọmọ iṣẹ́ ní Èkó. Èmi tí mo bí ọ, irùngbọ̀n mi ti ń funfun kí n tó ní ọmọ iṣẹ́ àkọ́kọ́, ìyẹn náà sì máa ń jẹun gan-an ni.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀gá yín, Ọ̀gbẹ́ni Zacchaeus, ẹni tí o sọ pé ó máa ń wọ aṣọ funfun láìwọ bàtà lọ́jọ́ Sọ́ńdè, gbé kọ̀ǹpútà tuntun dé. O ní ó rẹwà, ó tẹ́ẹ́rẹ́ bí àwo. Ti àtijọ́, tí o bá tan án, àwòrán fèrèsé ló máa ń fi hàn ọ́. Ti tuntun, àwòrán èso tí ẹnì kan ti gé jẹ ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n kó ìwé alápòótí rẹ wọ inú tuntun. Orúkọ kan náà ló ń jẹ́ níbẹ̀, nọ́ńbà rẹ pé síbẹ̀, búrẹ́dì kan ò sọnù. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó di ìrọ̀lẹ́ tí o tẹ bọ́tìnì méjì rẹ, o ní kò sẹ́ni tó dáhùn. O pe ẹni tó ta kọ̀ǹpútà náà fún yín, ó ní ìwé alápòótí ti inú eléso yìí kì í gba irú ohun tí o kọ́ níṣẹ́ yẹn, pé àwọn tó ṣe é ti yọ àyè rẹ̀ kúrò, bóyá wọ́n á dá a padà tó bá yá. Láti ìgbà náà ni o ti ń fi ọwọ́ ara rẹ ṣe ohun tó ń ṣe, àpótí kan lẹ́yìn òmíràn, tó jẹ́ pé Sátidé pàápàá o kì í sinmi, bẹ́ẹ̀ ni wàá máa ṣe é títí Iléyá á fi lọ.

Ohun tí mo kọ́kọ́ rò ni ti èso náà. Bí ẹnì kan bá fún èèyàn ní ọsàn tó ti gé jẹ, àbí èèyàn ò ní bèèrè ibi tí ìyókù wà? Mo ní bóyá inú ibi tí wọ́n gé jẹ yẹn gan-an ni ọmọ iṣẹ́ rẹ wà. Ìyá rẹ ní ẹnu mi ni ọ̀rọ̀ ti ń jáde, àbí etí mi kò sí nílé ni. Ó ní ọ̀rọ̀ fèrèsé ni, ó ti mọ́ ọmọ náà lára láti máa gba fèrèsé wọlé, wọ́n wá gbé e dé ilé tí kò ní fèrèsé, ẹ ní kò wọlé. 

Àmọ́ ohun tí o sọ kẹ́yìn kí bátìrì tó kú ni kò jẹ́ kí ọkàn mi sinmi, pé wọ́n ti gbé kọ̀ǹpútà àtijọ́ lọ sí sítọ́ọ̀, sáàárín àwọn àpò ìyẹ̀fun. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó. Bí mo bá ń fi ẹsẹ̀ tẹ máṣíìnì, mò ń rò ó. Mo rí ọmọ iṣẹ́ rẹ bó ṣe jókòó nínú òkùnkùn, ó káwọ́ lé orúnkún, ó ń gbọ́ ẹsẹ̀ àwọn tó ń wá gbé ìyẹ̀fun, ó ń ronú pé bóyá èyí ni, bóyá èyí ni ìka Hamdalah. Ìyẹ̀fun á máa bọ́ lé e lórí wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí ọyẹ́ ṣe ń bọ́ lé àwa náà lórí níbí. Ó mọ iṣẹ́ gbogbo, kò sẹ́ni tó ń rán an.

Lọ́jọ́rú, lẹ́yìn ìrun Àyílà, mo gbé orí lé máṣíìnì, ẹsẹ̀ mi ṣì wà lórí pẹ́dà, oorun sì gbé mi lọ. Mo bá ara mi lórí aṣọ alápòótí kan tó tẹ́ lọ títí tó fi kan ojú ọ̀run. Àpótí kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó yàrá. Mò ń rìn lórí ìlà rẹ̀ bí ẹni ń rìn lórí poro oko, kò sí ariwo kankan, ìmọ́lẹ̀ ibẹ̀ sì dà bí ìmọ́lẹ̀ abẹ́ omi. Ó pẹ́ kí n tó kan ẹnì kan tó ká ọwọ́ aṣọ rẹ̀ sókè, tó ń ka búrẹ́dì. Mo kí i. Ó tẹríba dáadáa, ó dá mi lóhùn, mo rí i pé o kọ́ ọ ní ẹ̀kọ́ ilé kí o tó kọ́ ọ níṣẹ́, inú mi dùn. Mo bi í pé kí ló dé tí kò tẹ̀ lé ọ lọ sí ibi tuntun nígbà tí gbogbo nọ́ńbà ń lọ. Ó ní ẹrù ni àwọn nọ́ńbà, ẹni tó bá gbé ẹrù ló ni ín, ṣùgbọ́n òun kì í ṣe ẹrù, ọmọ iṣẹ́ ni òun, wọn ò sì tíì dá òun sílẹ̀. Ó tún tẹríba, ó padà sídìí búrẹ́dì rẹ̀. Nígbà tí mo jí, mo rí i pé mo ti rán apá yunifọ́ọ̀mù ọmọ lémọ̀mù mọ́ ọrùn rẹ̀.

Ojú mi là. Hamdalah, inú ṣọ́ọ̀bù lo dàgbà sí, o mọ òfin wa. Ọmọ iṣẹ́ kò lè kúrò lọ́dọ̀ ọ̀gá kó lọ gbé máṣíìnì kalẹ̀ níbòmíràn bí kò bá tíì ṣe fírídọ̀mù. Ì báà mọ iṣẹ́ ju ọ̀gá lọ, bí wọn ò bá tíì gbàdúrà lé e lórí, kí wọ́n gbé àlùmágàjí lé e lọ́wọ́, kí alága fọwọ́ sí sàtífíkéètì rẹ̀, ìlú tó bá dé, ẹgbẹ́ ibẹ̀ á ní kó padà síbi tó ti wá. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó ta kọ̀ǹpútà fi ní ibẹ̀ kì í gba irú rẹ̀. Kò purọ́. Ọmọ mọ iṣẹ́ tán, kò sẹ́ni tó dá a sílẹ̀. Mi ò bá ọ wí, wàhálà Èkó pọ̀.

Mo gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí ìpàdé ẹgbẹ́. Zikrullah bèèrè bóyá ọmọ náà ti san owó ẹgbẹ́. Mo ní kò gba owó rí, kí ni kó fi san. Wọ́n bèèrè ohun tó ń jẹ, mo ní kì í jẹun. Ìdíátù, tó ń rán aṣọ ọmọdé lọ́nà odò, ní kí n bá òun wádìí bóyá ó ní àbúrò, torí ọmọ iṣẹ́ òun tó ń jẹun lẹ́ẹ̀mẹta kò lè ka bọ́tìnì ẹ̀wù kan kó má ṣì í kà. Lẹ́yìn ẹ̀rín ni Ìdíátù yìí kan náà wá bẹ̀rẹ̀ ìjàngbọ̀n. Ó ní iṣẹ́ búrẹ́dì ni ọmọ náà ń ṣe, ẹgbẹ́ àwọn oníbúrẹ́dì ló yẹ kó dá a sílẹ̀, ó ní àwa télọ̀ kò ní agbára lórí ìyẹ̀fun. Ọ̀rọ̀ yìí le. Àwọn kan ti ń dìde láti máa lọ kí n tó ṣàlàyé pé inú aṣọ alápòótí ló ti ń ṣe gbogbo iṣẹ́ rẹ̀, kò kúrò nínú aṣọ rí. Wọ́n jókòó padà. Wọ́n ní bó bá jẹ́ inú aṣọ ni, a jẹ́ pé tiwa ni.

Ohun tó kù ni orí tí a máa gbọ́wọ́ lé. Ìwọ wà ní Èkó, òun wà ní sítọ́ọ̀. Zikrullah ní òun mọ obìnrin kan ní Ògbómọ̀ṣọ́, Susanna, tó ń fi kọ̀ǹpútà tẹ ìwé fún èèyàn nítòsí gáréèjì. Lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀, lẹ́yìn tí a ti kírun, èmi, ìyá rẹ àti Zikrullah wọ ọkọ̀ lọ síbẹ̀ nínú aṣọ tó mọ́. Mo kọ́kọ́ ní kí Susanna tan kọ̀ǹpútà rẹ̀ kí n rí àwòrán rẹ̀. Fèrèsé ni. Mo ní ibi tí a ń wá nìyí. Nígbà tí mo ro ẹjọ́ fún un, obìnrin náà wò wá lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ní ohun tí ọmọ yín ní kò sí nínú tòun o. Ìyá rẹ ní ìyẹn ò le, wọ́n kì í jíṣẹ́ fún ẹbí tó wà nílé kí ti Èkó má gbọ́. Susanna ní ẹ̀yin lẹ mọ̀, ìwé ni òun ń tẹ̀ ní tòun.

Ó tẹ sàtífíkéètì fún wa, ó bèèrè orúkọ ẹni tó gba òmìnira. Èmi àti Zikrullah wo ara wa. Kò sẹ́ni tó rántí bi ọ́ léèrè. Ìyá rẹ ló dáhùn, láìronú rẹ̀, bí ẹni pé ó ti mọ̀ ọ́n tipẹ́. Ó ní kó kọ Táyéwò, torí òun ló ṣáájú wá, ẹni tí o bá kọ́ lẹ́yìn rẹ̀ á máa jẹ́ Kẹ́hìndé. Mo wò ó, ojú rẹ̀ ti rọ̀. Ó ní ọmọ tó bá ń ṣiṣẹ́ fún ọmọ òun, ọmọọmọ òun ni, òun ò sì tíì rí òmíràn. Má ka ọ̀rọ̀ yẹn sí nǹkan kan. Mo kàn ń ròyìn ni.

Zikrullah gbọ́wọ́ lé orí kọ̀ǹpútà náà, ó sì yára gbé e kúrò, ó ní ara ọmọ yìí gbóná o. Susanna ní bó ṣe máa ń rí nìyẹn. Ìyá rẹ mi orí, ó ní láti ìgbà wo ni wọ́n ti fi í sílẹ̀ láìsí ìtọ́jú. Mo gbé àlùmágàjí síwájú rẹ̀. Susanna ní kí irin má kan gíláàsì òun, ó sì tún ní jẹnẹrétọ̀ ni òun fi ń ṣiṣẹ́, epo inú rẹ̀ kò tó nǹkan, kí a ṣe àdúrà tó ṣe ṣókí. Ìwọ náà mọ Zikrullah. Ó bẹ̀rẹ̀ láti orí àwọn tó kọ́kọ́ rán aṣọ láyé. Ó kí àwọn télọ̀ tó ti kú, ó kí àwọn tó ń ṣàìsàn, nígbà tó wá kan Táyéwò, tó ní kó máa lọ, pé a ti dá a sílẹ̀, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ máa mú un lọ síbi tó bá wù ú, kí ó má rí ẹni tó máa dá a padà lẹ́nu ibodè, jẹnẹrétọ̀ dákẹ́. Ojú kọ̀ǹpútà náà ṣókùnkùn.  A ń gbọ́ bí ọyẹ́ ṣe ń fẹ́ ìwé tó wà lórí tábìlì. Ìyá rẹ sọ jẹ́jẹ́ pé ó ti lọ. Susanna ní epo ló tán. A ò bá a jiyàn, oníkálukú ló ní ìgbàgbọ́ tirẹ̀.

Láàárọ̀ àná ni fóònù Zikrullah dún, ìwọ sì ni. O ní àwọn olùtajà búrẹ́dì wá jà lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì yín torí ìṣirò wọn pẹ́, Ọ̀gbẹ́ni Zacchaeus wá ní kí wọ́n lọ gbé kọ̀ǹpútà àtijọ́ jáde láti sítọ́ọ̀, wọ́n gbọn ìyẹ̀fun ara rẹ̀ dànù, wọ́n gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ tuntun, o tẹ bọ́tìnì méjèèjì, ó sì dáhùn. O ní bí ẹni pé kò lọ sí ibì kankan ló ṣe bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Mo bi ọ́ pé nígbà wo, o ní ní ìrọ̀lẹ́ Jímọ́ọ̀. Mo wo Zikrullah, Zikrullah wo mi. Ìyá rẹ jókòó sílẹ̀ lórí eruku pẹ̀lú aṣọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀.

Mo wá ní ó dára, ìgbà wo lo ń bọ̀.  Mo rò pé bátìrì ló tún ti kú, àmọ́ mò ń gbọ́ ariwo mọ́tò lẹ́yìn rẹ. O wá ní ọ̀gá yín ti rí i pé iṣẹ́ ń tán kí ilẹ̀ tó ṣú, ó sì ti kó ìṣirò Òkè-Odò àti ti Ìyànà Ìpájà lé ọ lọ́wọ́ pẹ̀lú, pé ẹni tó ń ṣe é tẹ́lẹ̀, Goodluck, wọ́n ní kó lọ sinmi nílé. O ní nítorí náà, Iléyá ṣì le. O sọ ọ́ bí ẹni tó ń ka nǹkan jáde. Mo ní kò burú, mo dá fóònù padà fún Zikrullah, mo lọ jókòó sábẹ́ igi ahùn.

Mo pẹ́ níbẹ̀. Ìkùukùu ọyẹ́ bo ọ̀nà, n kò rí ilé, n kò rí ṣọ́ọ̀bù, ó dà bí ẹni pé kò sí ohun mìíràn láyé ju èmi àti àga mi lọ. Ohun tó wá yé mi níbẹ̀ ni pé ọmọ iṣẹ́ ti gba fírídọ̀mù, ọ̀gá rẹ̀ ni kò tíì gbà. Mo rò ó padà sẹ́yìn. Ta ló mú ọ lọ sọ́dọ̀ Ọ̀gbẹ́ni Zacchaeus? Kò sẹ́ni tó mú ọ lọ. Ìwọ fúnra rẹ lo kọ̀wé, wọ́n pè ọ́, o wọlé, o jókòó. Kò sí òbí tó bá a sọ̀rọ̀, wọn ò dá ọdún tí wàá lò. Ọmọ tí wọn ò dá ọdún fún, ọdún wo ni ọ̀gá rẹ̀ fẹ́ dá a sílẹ̀? Ọkùnrin náà kò ṣe wá ní ibi. Ó ń retí àwọn òbí ni. Bóyá ìyẹn náà ló fà á tó fi ń kó iṣẹ́ kún iṣẹ́ fún ọ, ó rò pé tó bá pọ̀ tó, ẹnì kan á wá láti ilé.

A ń bọ̀, Hamdalah. Lọ́jọ́rú ọ̀sẹ̀ Iléyá, èmi, ìyá rẹ àti Zikrullah á dé Ẹ̀gbẹ́dá bí a ṣe ń ṣe é níbi gbogbo, pẹ̀lú obì àti mínírà, a ó kí Ọ̀gbẹ́ni Zacchaeus, a ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pé ó tọ́jú ọ, a ó sì bẹ̀ ẹ́ pé kó dá ọ sílẹ̀. Ìwọ á kúnlẹ̀ níwájú gbogbo àwọn tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́. Ó kàn máa gbọ́wọ́ lé ọ lórí, kó ní máa lọ, ẹni tó bá ń wọ aṣọ funfun láìwọ bàtà mọ̀ bí wọ́n ṣe ń gbàdúrà. Susanna ti tẹ sàtífíkéètì rẹ, ibi tó máa fọwọ́ sí nìkan ló ṣófo. Má sọ fún un tẹ́lẹ̀ kó má bàa ṣe wàhálà oúnjẹ. Bó bá bèèrè ẹni tó máa dúró ti iṣẹ́ ní Iléyá, kí o ní Táyéwò, ọmọ iṣẹ́ tó ti gba fírídọ̀mù lè dá ṣọ́ọ̀bù dúró. Bọ́tìnì méjì péré ni, Ọ̀gbẹ́ni Zacchaeus sì ní ìka mẹ́wàá.

Nítorí ìrìn àjò yìí, bá wa fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́, àti owó mínírà kéréètì méjì, àti ohun tí a máa fún Susanna fi ra epo, torí kò dákẹ́ lórí rẹ̀. Kí o fi sí káàdì báǹkì tí o gbà fún mi. Má bẹ̀rù, mò ń tọ́jú rẹ̀. Wọ́n ní kí n má kọ nọ́ńbà àṣírí rẹ̀ sórí ìwé kankan, mi ò sì kọ ọ́ sórí ìwé. Mo rán àpò kékeré fún káàdì náà, òwú àwọ̀ ewé ni mo fi ṣe nọ́ńbà náà lọ́nà sára rẹ̀. Ó rẹwà débi pé ọkùnrin tó tò sẹ́yìn mi ní báǹkì gbà á wò, ó kà á sókè, ó ní iṣẹ́ ọwọ́ mi dára.

Mo ti bá Jàfárù sọ̀rọ̀ lórí àyè ọkọ̀. Ó ní àwa mẹ́ta ni, kí ló dé tí mo fẹ́ san àyè mẹ́rin. Mo ní mẹ́ta ló máa kó lọ, mẹ́rin ló máa kó bọ̀.

Kí Ọlọ́run tó ń ṣí ọ̀nà fún afẹ́fẹ́ nínú ọyẹ́ ṣí ọ̀nà ilé fún ọ. Kí iṣẹ́ rẹ máa jẹ́ tìrẹ, kí ìwọ má jẹ́ ti iṣẹ́. Nígbà tí o bá pe ẹnikẹ́ni, kí wọ́n máa dá ọ lóhùn, nígbà tí àwa náà bá pè, kí ó bá ọ níbi tí o ti lè dìde. Àmín.

Èmi ni bàbá rẹ,
Jibril Télọ̀.